Nọ́ọ̀sì Òyìnbó tí Ibojì Rẹ̀ Kò Ní Orúkọ

Kò sí birikilà kejì ní gbogbo Nàìjíríà tí òkú òyìnbó ti dá lóhùn rí, àfi èmi. Ìwọ náà sì mọ̀ mí, mi ò kí í purọ́, àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtẹ́ òkú àwọn òyìnbó àtijọ́ ni, ní Port Harcourt níbí, kò tíì pẹ́ tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Òórùn ewé jíjẹrà àti epo rọ̀bì ló máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ á sì máa rọ̀ lábẹ́ bàtà bí ìgbà téèyàn tẹ ikùn ẹranko. Àwọn ẹni ńlá wọn ní òkúta tó ga jù mí lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo ìlú tó dé sí i lórí. Aṣojú ọba wọn kan náà wà, tí wọ́n fi irin yí i ká bí ẹni pé ó lè sá. Níhà ògiri ni ibojì sìmẹ́ńtì mẹ́ta wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí.

Arúgbó obìnrin òyìnbó kan ló gbà mí síṣẹ́, pé kí n kọ orúkọ àbúrò ìyá ìyá òun sórí ibojì. Nọ́ọ̀sì ni ẹni yẹn, ọmọ oníbúrẹ́dì láti abúlé olótùútù kan lókè òkun. Ìwé kẹrin ni mo kà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó sọ. Ó ní nọ́ọ̀sì yìí tọ́jú àwọn lébìrà tó ń la ojú irin nígbà tí àìsàn kọlù wọ́n, àìsàn yẹn náà ló sì pa á. Nínú lẹ́tà tó kọ gbẹ̀yìn, ó ní bí òùngbẹ bá ń gbẹ aláìsàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kan ògiri, òun á sì gbé omi wá. Kò sí ìwé ìtàn kan tó dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni bàálù obìnrin náà máa gbéra, ara rẹ̀ kò sì lè gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ikán sì ti jẹ ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin Ikwerre tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ èwo ni tirẹ̀ nínú mẹ́ta yẹn.

Bí mo ṣe wọlé, mo kí àwọn òkú ní sálámà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olùṣọ́ rẹ́rìn-ín.

"Alfa, na who you dey greet? Dem no sabi your language."

"Ṣebí àyè gbà wọ́n láti kọ́ ọ," ni mo wí.

Mo gbé ọwọ́ lé sìmẹ́ńtì kìíní. Oòrùn ọ̀sán ti sè é, ó jó mi. Èkejì náà jó mi. Ẹ̀kẹta tutù. Ọ̀rẹ́ mi, ó tutù bí ìdí ìkòkò omi, kò sì sí igi kan tó ṣíji bò ó. Mo pe obìnrin náà. Ó fọwọ́ kàn án, ó yára gbé e kúrò, ó ní gbígbóná ni. Olùṣọ́ náà fọwọ́ kàn án, ó ní gbígbóná ni, ebi ló ń dà mí láàmú, kí n lọ jẹun. Èmi tún gbé ọwọ́ lé e, ó ṣì tutù. Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà tó kọ orúkọ yẹn sí, ó fẹ́ dá a padà sínú báàgì.

Àwa birikilà máa ń fi igi òòlù kan sìmẹ́ńtì láti gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ṣófo. Mo kúnlẹ̀, mo kan án lẹ́ẹ̀kan. Láti ìsàlẹ̀, nǹkan kan dáhùn lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó.

Olùṣọ́ fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà kò sá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣí ìgò omi tó ń mu, ó sì rọra dà á sórí sìmẹ́ńtì náà títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ló na bébà yẹn sí mi. Mo po sìmẹ́ńtì, mo fi ìṣó kọ orúkọ náà.

Ibẹ̀ ni mo máa ń parí ìtàn yìí sí fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mi ò fẹ́ gbé irọ́ inú rẹ̀ lọ sọ́run. Òkú kankan kò dáhùn. Èmi ni mo fi ìka ọwọ́ òsì gbá ìdí páànù ìpo sìmẹ́ńtì tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ohun tí ọwọ́ mi mọ̀, ọwọ́ obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ máa lọ. Mo ti padà dé ibẹ̀ nígbà mẹ́ta. Látìgbà tí orúkọ ti wà lórí ibojì náà, gbígbóná ni mo ń bá a, bíi ti àwọn yòókù. Kíkàn yẹn ni mo fi kún un. Òtútù yẹn, òótọ́ ni, mi ò lè bá ọ yọ ọ́ kúrò.