Etí Aṣọ Tí Wọn Kò Rán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, abẹ́rẹ́ sì mọ́ mi lọ́wọ́ ju bíró lọ.

Ìyàwó dókítà kan ní àdúgbò wa ní Bẹyẹrúnkà ló gbé aṣọ náà wá. Ọkọ rẹ̀ kàwé ní Kasakísítáànì. Obìnrin tó gbà á sílé níbẹ̀ ló fún un nígbà tó ń bọ̀ wálé. Àrán pupa ni, ó gùn tó ilẹ̀kùn. Ìwo àgbò ni wọ́n fi òwú rán sí i lára, méjì méjì, ó ká bí ìkarahun ìgbín. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ìwo méje wà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà, tí ẹnikẹ́ni kò rán.

"Ọ̀lẹ ni ẹni tó ṣe é," ni ìyàwó dókítà wí. "Bá mi parí ẹ̀, kí n rí nǹkan kọ́ sí pálọ̀."

"Ó dáa, mà." Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Inú yàrá ìyá bàbá mi ni mo ti ń ránṣọ, kí n lè máa ṣọ́ ọ. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ láti ìgbà òjò. Ẹ̀rù ikú rẹ̀ ń bà mí lójoojúmọ́, torí òun nìkan ni mo ní.

Lọ́jọ́ tí mo rán ìwo àkọ́kọ́, kò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀kọ náà ti kan ni. Lọ́jọ́ tí mo rán ìkẹta, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa mọ́. Ọ̀sán gangan ni mo ń rán ìkẹfà lọ́wọ́, oòrùn ń jó páànù, síbẹ̀ òtútù ń jáde lára aṣọ náà. Ìyá àgbà lajú.

"Ta ni màmá tó jókòó tì ọ́ yẹn?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Ó fi aṣọ funfun borí dé àyà. Ó di ọwọ́ ẹ mú, o ò sì kí i. Ta ló kọ́ ẹ ní àfojúdi?"

Mo fa abẹ́rẹ́. Kò wá.

Nírọ̀lẹ́, dókítà yà wá wo ìyá àgbà. Ó rí aṣọ náà lẹ́sẹ̀ mi.

"Ta ló ní kí o rán ìsàlẹ̀ yìí?"

"Ìyàwó yín ni, sà."

Ó jókòó. Ó ní túskíìsì ni wọ́n ń pè é, pé ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni wọ́n ń fi í kọ́. Ìyá obìnrin tó gbà á sílé, màmá kan tó máa ń fi aṣọ funfun borí, ló rán an kó tó kú. Wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi etí ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ni, torí wọ́n gbà pé bí aṣọ náà bá parí, ayé ẹni inú ilé tó wà náà á parí.

"Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni ṣá," ló wí. Ó di ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. "Ó ku mélòó?"

"Ẹyọ kan, sà."

Ó dìde, ó jáde. Mo wá rántí pé ìyá àgbà kì í jẹ́ kí n sọ pé òwú tán. Ó ní kí n máa sọ pé ó kún. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ilé tiwa nìkan ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilé tó jí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo tú ìwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti orí ìkẹfà padà sí àkọ́kọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yà wọ́n padà. Lẹ́yìn náà mo gbé àpótí kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, mo nu eruku orí rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí. "Ẹ jókòó."