Èédú Inú Agbọ̀n Irú

Àràmídé Ọlágúnjú kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ kọ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti gbà.

Ọmọ Àrán-Ọ̀rin ni. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ, fẹ́ kó di nọ́ọ̀sì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó lọ kàwé nípa òkúta. Nísinsìnyí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan l'Ómù-Àrán, níbi tí wọ́n ti ń yẹ èédú wò.

Gáàsì a máa lẹ̀ mọ́ èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀. Omi àti ìwúwo ilẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá hú èédú náà jáde, gáàsì á máa yọ́ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àràmídé ló ń wọn bó ṣe pọ̀ tó. Á sé èédú mọ́ agolo irin, á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ darí gáàsì sínú ìgò omi tó dorí kodò, á sì máa wo bó ṣe ń ti omi sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo náà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti inú ilẹ̀. Bó bá tutù, ìwọ̀n náà bàjẹ́.

Kò pẹ́ tí èédú kan dé láti Kogí ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbìyànjú díẹ̀, ó kú.

"Lo iye tèṣí," Dókítà Adéoyè, ọ̀gá wọn, wí. "Èédú ò ju èédú lọ. Ó ṣe tán, gáàsì tó pọ̀ làwọn tó ń náwó sí wa ń retí."

"Èédú tèṣí kọ́ ló wà níbí, sà."

"Ṣé o fẹ́ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ni?"

Ó ti ẹnu rọ́bà pa, ó gbé agolo àti ìgò sínú ọkọ̀, ó kọrí sílé.

Irú ni Àmọ̀pé, ìyá rẹ̀, ń ṣe. Agbọ̀n rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ewé nínú, àkísà lórí. Ìgbóná irú tó ń wú ń jáde lábẹ́ wọn.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, "kí lo gbé wá?"

"Èédú ni, Màmá. Mo fẹ́ kó bá irú yín sùn."

"Kí irú mi wá máa rùn bí ilé alágbẹ̀dẹ?"

"Agolo ò jò, Màmá. Irú yín ló máa rùn sí i lára."

"Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni rí."

Àràmídé ki tẹmómítà bọ agbọ̀n kan, ó gbóná jù. Èkejì bá a mu. Ó bo agolo mọ́ irú, ó sì ṣí ẹnu rọ́bà padà sínú ìgò. Bí ooru bá pọ̀, á ká àkísà kan kúrò. Bó bá dín, á dá a padà. Ó jókòó tì í títí omi inú ìgò ò fi mira mọ́.

Nígbà tó gbé iye náà dé Òmù-Àrán, Adéoyè fajú ro.

"Gbogbo làálàá yìí, kékeré lo gbé wá?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, sà."

"Wọ́n á kówó wọn lọ."

"Kí wọ́n kó o."

"Owó oṣù tìẹ náà wà níbẹ̀ o."

"Mo mọ̀, sà."

"Ta ni yóò gba ìṣirò agbọ̀n irú?"

"Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó tún un wọ̀n."

Àràmídé fi iye náà ránṣẹ́ sáwọn tó ń náwó náà níṣojú ọ̀gá rẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan sí i, ó sì béèrè ìgbà tí èédú mìíràn yóò dé.