Orin Àgbàdo Tí Àbẹ̀kẹ́ Kò Gbàgbé

Àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi. Ó mú un, ó tún bọ́. Òun àti Ìyábọ̀, àbúrò mi obìnrin, ni wọ́n jọ ń yín àgbàdo lójúde wa ní Odomẹ̀ta. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, “bà, bà” nìkan ló jáde, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sín ènìyàn jẹ, mo rò pé Ìyábọ̀ ló ń sín jẹ. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Àdí la fi ra á lára títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹnu bá wọ́, tí ọwọ́ kan kò gbé nǹkan mọ́, ẹ gbé aláìsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ Sàlámì, tó ń kó iṣu lọ sí Kétu, ló gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Ayé kámáráàdì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, tí ìjọba ológun ní ká máa pe ara wa bẹ́ẹ̀, pé ọgbọọgba ni gbogbo wa. Kámáráàdì ni gbogbo wa, àmọ́ oògùn ṣọ̀wọ́n. Dòsú ló ń tọ́jú wa. Dókítà là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ló dí lọ́nà. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Láràárọ̀ ló ń bi í pé, “Ìyá, kí lorúkọ ọkọ yín?” Àbẹ̀kẹ́ á wò mí, á sì wolẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, Dòsú pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Bàbá, wọn ò dá yín mọ̀ mọ́. Bí kò bá sí àyípadà títí ọjọ́ Ajé, ẹ óò gbé wọn lọ sílé. Ẹlòmíràn ń dúró de ibùsùn yẹn.”

Ilé wo? Kí n lọ máa wò ó títí tí yóò fi kú?

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyábọ̀ gbé àgbàdo wá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀.

“Ìyàwó ọ̀lẹ! O rí ibi sùn, o wá fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi.” Ló bá dá orin tí wọ́n fi ń yín in: “Àgbàdo gbó lóko o.”

Ègbè jáde láti orí ibùsùn: “Ká kó o wálé, kójò tó dé.”

Odidi ọ̀rọ̀! Mo sáré pe Dòsú láìwọ bàtà. Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. “Ibi tí orin ń gbé kò bàjẹ́,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ mú ọ̀rọ̀ wá.” Ó di ọwọ́ òsì Àbẹ̀kẹ́ mú, ó ń fi lu ibùsùn bó ti ń kọrin: “Fún mi lómi o.” Àbẹ̀kẹ́ làágùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kọ ọ́ jáde. Dòsú bá tún béèrè orúkọ ọkọ. Àbẹ̀kẹ́ tún wolẹ̀.

Ìyábọ̀ pòṣé. “Dókítà, ṣé ìyàwó máa ń pe ọkọ lórúkọ nílé tiyín ni?”

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pe orúkọ mi rí; Bàbá Délé, orúkọ ọmọ wa, ló fi ń pè mí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò rò ó!

“Ìyàwó,” ni Ìyábọ̀ wí, “èmi ọkọ rẹ tó ṣáájú ọ délé, mo fún ọ láyè. Pè é.”

Àbẹ̀kẹ́ wò mí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu ibùsùn. “Ọ-lá-tún-dé,” ló kọ, “ká kó o wálé.”

Wọn ò lé wa lọ́jọ́ Ajé. Ó fi orin béèrè omi, ó fi orin béèrè iyọ̀, títí ọ̀rọ̀ lásán fi ń wá, díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò yín àgbàdo mọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni orin ń ràn lọ́wọ́: Múfútáù, tó wà lórí ibùsùn kejì, kọrin títí, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó gbádùn, Bàbá Délé ni mo tún dà. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò sí i. Ìkórè tó kọjá ló kú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ Dòsú, lọ́wọ́ Ìyábọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara Àbẹ̀kẹ́ pàápàá, tó fi orin pa mọ́ síbi tí àrùn kò dé. Láàárọ̀ yìí, èmi nìkan ni mo ń yín àgbàdo. Mo dá orin náà, mo sì dákẹ́ díẹ̀ níbi tí Àbẹ̀kẹ́ ti máa ń gbè é.