Tábìlì Tó Tóbi Ju Gíláàsì Lọ

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Ìkòsí, òórùn ọsàn tó ti bàjẹ́ àti ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti rọ̀ máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ọjà èso. N kò lè pè é ní òórùn burúkú. Ó dùn díẹ̀, ó sì kan díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbàgbé omi ọsàn sínú ife di ọjọ́ kejì. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, òórùn náà ni mo sábà máa ń jí bá nínú yàrá, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè jí bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ ń gbé yàrá ọ̀hún, ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ó fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó fi sítóòfù kan tí iná rẹ̀ máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kékeré sílẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Àwọn tí a jọ ń gbé inú ilé náà jẹ́ ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á sì padà nígbà tí ó ti rẹ̀ wọ́n kọjá ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ bá ẹni tó ń ta búrẹ́dì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ní láti kọ́kọ́ wúkọ́ kí ohùn mi tó jáde. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń wá èrò kiri. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mọ̀ bóyá ènìyàn fẹ́ràn ohun kan nígbà tí kò ní òmíràn tó lè fi wé e.

Àsìkò yẹn ni ọ́fíìsì kan tó ń ya máàpù, ní apá Anthony, mú àwa mélòó kan fún ìdánwò ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé: wọ́n á fi àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ á sì máa fa ìlà yí òrùlé, ọ̀nà àti omi ká lórí kọ̀ǹpútà nílé rẹ. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa gbà. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn gidigidi. Owó ilé tí ẹ̀gbọ́n mi san sílẹ̀ ti ń lọ sópin, bàbá mi sì ti sọ láti Ṣágámù pé bí n kò bá rí nǹkan gidi ṣe ní Èkó, kí n kó ẹrù mi wálé, kí n wá bá màmá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó burú nínú ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá padà síbẹ̀, ó lè pẹ́ gan-an kí n tó tún jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ẹni tó ṣe ètò tí a fi ń ya máàpù náà ṣe é fún kọ̀ǹpútà olójú ńlá. Lórí tèmi, apá òkè nìkan ló hàn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì tí a fi ń fi iṣẹ́ pamọ́ wà, ti wọ abẹ́ gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà lọ. Bí mo bá ya gbogbo Èkó tán, n kò ní lè fi ilé kan ṣoṣo pamọ́. Mo fẹ́ sọ wíńdò ètò náà di kékeré, ó kọ̀. Mo tì í sókè, orí rẹ̀ kan òkè gíláàsì, ó dúró síbẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì tí mo fẹ́ tẹ̀ ti kọjá ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà.”

“Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?”

“Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó yán, ó rẹ́rìn-ín. “Sọ fún un pé tábìlì rẹ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á gbà ẹ́ gbọ́. Kọ̀ǹpútà yẹn ò mọ bí òun ṣe kéré tó.” Ó ṣàlàyé díẹ̀ sí i, ó sì padà sùn.

Ohun tó ń pè ní tábìlì ni àyè tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ gbogbo wíńdò sí. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé àyè náà àti gíláàsì tí mò ń wò jẹ́ nǹkan kan náà. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. A lè ní kí kọ̀ǹpútà tẹ́ tábìlì tó fẹ̀, tó sì gùn ju gíláàsì lọ. A lè wá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè gba inú gíláàsì. Mo dán ìyẹn wò, àwọn lẹ́tà di èèrà, ojú sì ń ta mí kí n tó ka ìlà kan tán. Tàbí kí á jẹ́ kí ohun gbogbo wà bó ṣe tóbi tó, kí gíláàsì máa ṣí kiri lórí tábìlì, kó máa tẹ̀lé máòsì, bí ẹni tó ń fi ojú ihò ara ọgbà wo odò. Èyí ni mo mú. Àṣẹ tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kò ju ìlà kan lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣú dúdú. Mo pa á, mo tún un tàn, mo rí i pé nọ́ńbà kan ni mo kọ sódì, mo sì tún un tẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun tó yí padà. Inú ti fẹ́ máa bí mi. Mo wá fi máòsì kan ìsàlẹ̀ gíláàsì, mo tì í díẹ̀ sí i, gbogbo àwòrán náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sókè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá ń kúrò ní èbúté. Bọ́tìnnì náà jáde láti ìsàlẹ̀. Mo pariwo. Kò sí ẹni tó gbọ́, ṣùgbọ́n mo pariwo.

Àyè wá pọ̀ fún mi ju bí mo ṣe nílò lọ. Mo fi máàpù sí apá òsì, kó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wíńdò kékeré kan tún wà tí ọ́fíìsì ní kí a máa ṣí sílẹ̀, níbi tí àwa tó ń ṣe ìdánwò àti ọ̀gá wa ti lè máa fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà, kò sí lórí fóònù. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ nígbà náà, ó sì ń bo máàpù mi lójú. Mo wọ́ ọ lọ sí igun ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún, síbi tí gíláàsì mi kò lè dé àfi bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde lára kọ̀ǹpútà náà ti kú kí ẹ̀gbọ́n mi tó rìnrìn àjò. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ mi, wọ́n á pè mí.

Agboyi ni wọ́n fún gbogbo wa láti yà. Láti òkè, odò Ògùn pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì díẹ̀ sí, àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì dà bí èèpo ìrẹsì tó léfòó. Mo ti débẹ̀ rí nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa kọjá, mo sì rántí ibi tí àwọn tó ń wa yanrìn máa ń kó o jọ sí. Mo ń fa ìlà yí àwọn òrùlé ká lọ́kọ̀ọ̀kan, páànù tó ti dípẹtà, páànù tuntun tó ń kọ mànà. Òrùlé ni ènìyàn ń rí láti ojú ọ̀run, kì í rí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró lórí ilé kan pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, kí n máa rò ó bóyá ẹnì kan ń pe ẹnì kejì rẹ̀ wá jẹun níbẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà.

Lọ́dọ̀ tèmi, ẹnikẹ́ni kò pè. Mo gbé e yẹ̀ wò bí mo ṣe máa ń gbé nǹkan yẹ̀ wò: iṣẹ́ ń lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó dára, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kò dára. Mo parí èrò sí pé bí ìdánwò ṣe máa ń rí nìyẹn, àti pé bí Èkó ṣe rí nìyẹn. Ó dà bí èrò tó bọ́gbọ́n mu. Mo sì ń ṣiṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà ń parí lọ, ọ̀gá wa pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán. Àgbàlagbà obìnrin ni, a kò tíì fojú kanra rí.

“Aunty Ìkòsí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?”

“Rárá o, mà. Ẹ káàsán, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ kúkú mọ ènìyàn-án kí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo wa ti ń kí yín. Ẹ ò dá ẹnì kankan lóhùn.”

“Níbo, mà?”

“Níbo kẹ̀? Níwájú yín!”

Fóònù ṣì wà létí mi nígbà tí mo ti máòsì lọ sí apá ọ̀tún, tí mo tún tì í sísàlẹ̀. Wíńdò kékeré náà wọlé wá láti igun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n ti fi àdúgbò sọ ara wọn lórúkọ: Ará Ìṣẹ̀rì, Ará Bàríga, Ará Anthony. Wọ́n ti sọ èmi náà lórúkọ. “Ẹ kú òwúrọ̀ o, gbogbo ilé. Ará Ìkòsí, ẹ jẹ́ ká gbóhùn yín.” “Ará Ìkòsí, ẹ kú iṣẹ́ o.” “Ará Ìkòsí ti sùn sórí máàpù, ẹ bá wa ta omi sí i lójú.” “Èso ló ń jẹ, ẹnu ẹ̀ kún.” Ẹ̀rín ló tẹ̀ lé ìyẹn. Nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rín ti dín kù. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti fi àwòrán kan síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: “Ará Ìkòsí, ẹ̀yin lẹ wà nítòsí Agboyi jù. Ṣé òrùlé ni àwọn nǹkan funfun wọ̀nyí àbí kí ni?” Kò sí èsì. Lẹ́yìn náà ni Ará Bàríga kọ ọ́ pé: “Ẹ fi í sílẹ̀. Ìkíni wa ò tó o.” Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó tún dárúkọ mi.

“Mà,” ni mo wí, “wíńdò náà wà níta gíláàsì mi. Tábìlì kọ̀ǹpútà mi tóbi ju ojú rẹ̀ lọ.”

“Ẹ ní kí ni?”

Mo tún un ṣàlàyé, láti orí bọ́tìnnì dé orí igun ọ̀tún. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. “Ó jọ òótọ́,” ni ó wí, “torí mi ò rí ẹni tó máa jókòó ro irú irọ́ báyẹn.” Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Mi ò ní tàn yín, iṣẹ́ yín mọ́ ju tàwọn tó kù lọ. Ṣùgbọ́n a ti mú Ará Ìṣẹ̀rì láàárọ̀ yìí. Ọ́fíìsì kékeré la ní. Ẹni tí a kí tí kò jẹ́ wa, báwo la ṣe fẹ́ bá a ṣiṣẹ́? Ohun tí a rò nìyẹn. Mo sì ti ṣèlérí iṣẹ́ náà fún un, mi ò lè gbà á padà.”

“Ó yé mi, mà.”

Ó yé mi lóòótọ́. Màmá mi pàápàá kò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Mo rò ó pé kí n pa kọ̀ǹpútà náà kí n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ṣùgbọ́n ìkíni ni ìkíni, a kì í fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo ń jẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí Ará Anthony fún òwúrọ̀ tó ti kọjá tipẹ́. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà méjì, mo sì bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè ọ̀gá, mo kọ ọ́ pé òkìtì yanrìn ni àwọn nǹkan funfun náà, pé mo ti fẹsẹ̀ ara mi dúró níbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni Ará Ìṣẹ̀rì, ẹni tó gba ipò náà, fèsì: “Yéè! Mo ti kọ́ ilé sórí gbogbo wọn.”

“Ẹ tètè kó àwọn ayálégbé jáde kí òjò tó dé,” ni Ará Bàríga kọ. Ó tún kọ òmíràn tẹ̀ lé e: “Ará Ìkòsí, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi o. Ṣé ẹ ti jẹun?”

N kò tíì jẹun. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Wọ́n pa wíńdò náà dé nígbà tí ìdánwò parí, mo sì padà sí Ṣágámù kí oṣù tó tán. Ó lé ní ọdún kan kí n tó tún rí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Èkó. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ohun gbogbo ló ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì rò pé kọ̀ǹpútà lè kọ́ni ní ìwà. Ohun tó dá mi lójú kò pọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ pé kò sí ẹni tó ń pè mí, wọ́n ń pè mí. Mo ti fi àìrí mi ṣe àìsí wọn, mo sì ti kó ẹ̀rí jọ lé e lórí pẹ̀lú ìfara-balẹ̀, bí ọlọ́gbọ́n. Àwọn náà wo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi níhà ọ̀dọ̀ tiwọn, wọ́n pè é ní ìgbéraga, ẹ̀rí tiwọn náà sì pé pérépéré. Nísinsìnyí, bí ọjọ́ bá gùn tí kò sí ohùn ẹnì kan, mo ṣì máa ń sọ pé mo dá wà. Ṣùgbọ́n n kì í fi ìdánilójú sọ ọ́ mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ kí ẹnì kan ná.