Ọjọ́ Tí Ìyálé Mi Ba Ààwẹ̀ Mi Jẹ́

Òtútù ló kọ́kọ́ mú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, lọ́sàn-án gangan. Mo ń dín dòdò létí títì ní Ìkirè, òróró ń hó níwájú mi, oòrùn ẹ̀rùn ń jó mi lórí, síbẹ̀ eyín mi ń gbá ara wọn. Ìgbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, a ti gbà á di ọjọ́ kejìlá. Sìdíkátù tí a jọ ń dín dòdò wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ebi ni. Ẹ̀yin ọmọ Àpòmù, ṣé ẹ lè gbààwẹ̀ ni?"

Àpòmù ni wọ́n ti bí mi, Ìkirè ni mo relé ọkọ. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra rárá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ ó rò pé òkè òkun ni mo ti wá. Àárò ẹ̀fẹ̀ yẹn ń sọ mí báyìí, nítorí àwọn tó ń ṣe é ti lọ tán: Sìdíkátù, Ràbí onígàrí, Bàbá Múfú tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa. Ẹ̀fẹ̀ yẹn náà ni kò jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé mo jẹun lọ́sàn-án.

Ọgbẹ́ kan wà ní apá òsì mi. Òróró ló ta sí mi lára ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Kò tóbi ju kọ́bọ̀ kan lọ, ó sì ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà sààrì ni apá náà ti ń dùn mí, bí aṣọ bá kàn án lásán, omijé á bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: ọgbẹ́ tí ìrora rẹ̀ bá tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, ẹ má fi ṣeré.

Nígbà tó yá, mo bì. Mo ní ààwẹ̀ ni. Òòyì ń kọ́ mi. Mo ní ààwẹ̀ ni. Láti àárọ̀ mi ò tọ̀, mo ní ẹni tí kò mu omi, kí ni yóò tọ̀? Gbogbo ohun tí àìsàn yẹn ń sọ fún mi ni mo fi ààwẹ̀ dáhùn.

Ìyálé mi, Ìyá Kúbúrá, ni wọ́n bá mi lórí àpótí nílé, níbi tí mo ti fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun alásàárì. Wọ́n ká ọwọ́ bùbá mi sókè. Apá náà ti wú, ó ti pọ́n kọjá ìgbọ̀nwọ́, ojú ọgbẹ́ sì ti ń dúdú bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

"Ìyàwó, ta ni mí?"

Mo pè wọ́n ní ìyá mi, ìyá tó bí mi sì ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n bu omi wá. Mo pa ẹnu dé.

"Oòrùn ò tíì wọ̀."

"Mo mọ̀. Lanu."

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí wọ́n wá fi òkú ẹ ṣe é? Lanu jàre. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó wà lọ́rùn mi."

Mo mu ún.

Ní ilé ìtọ́jú àdúgbò, Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ wọn ìfúnpá mi, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ nínú iṣan. Ó ní ó ti lọ sílẹ̀ jù, kí wọ́n tètè gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ wa wá mọ́tò, ìyálé mi gbé orí mi lé itan títí a fi débẹ̀.

Dókítà Adégòkè ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Kòkòrò àrùn kan tí ojú lásán kò lè rí, sitireputokọ́kọ́ọ̀sì, ló gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Kòkòrò yìí náà lè fa ọ̀fun dídùn lásán, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, á tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa jò, ìfúnpá á já wálẹ̀, kíndìnrín tó ń sẹ́ ìtọ̀ á dáwọ́ dúró. Èyí ni wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Ó lè pani láàárín ọjọ́ kan.

Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fi pẹnisílínì àti oògùn mìíràn sínú iṣan mi, wọ́n sì fi abẹ gé ẹran tó ti kú kúrò. Lẹ́yìn náà, Dókítà fi báírò fa ìlà yí apá mi ká níbi tí pípọ́n náà dé. Bó bá kọjá ìlà yẹn, wọ́n máa gé apá náà kí n má baà kú.

Ìyálé mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó ti ìlà kan ṣoṣo yẹn, wọn ò gbé ojú kúrò. Nọ́ọ̀sì kan bi wọ́n pé, "Ṣé ìyá rẹ̀ ni yín, mà?"

"Orogún rẹ̀ ni mí."

Nọ́ọ̀sì náà wò wọ́n títí.

"Má wulẹ̀ wò mí. Àwa náà ń jà nílé. Bí eléyìí bá kú, ta ni màá máa bá jà?"

Lọ́jọ́ kẹta, pípọ́n náà dúró, kò kọjá ìlà. Lọ́jọ́ kẹrin, ìtọ̀ díẹ̀ yọ nínú rọ́bà tí wọ́n fi sí mi lára láti máa gbà á, ó dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ìyálé mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ nítorí ìtọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ìrora tó kù pọ̀. Bí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ báńdéèjì, mo máa ń bu aṣọ jẹ. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lára itan mi, wọ́n fi bo ojú ọgbẹ́ apá mi. Awọ àtẹ́lẹwọ́ mi bó bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n ní bí àìsàn náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn bó bá ń lọ. Ọdún Ìtúnu bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ara mi le, Àlùfáà Búsàrí ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, kí n ṣáà san ọjọ́ tí mo jẹ. Mo ń san án, ìyálé mi náà ń gbà á. Mo ní, "Ẹ ò jẹ ààwẹ̀ kankan, mà." Wọ́n ní, "Kí n wá máa jẹun níwájú ẹ?"

Oṣù tó kọjá ni Ìyá Kúbúrá papò dà. Èmi àti ọmọ wọn, Kúbúrá, ló wẹ̀ wọ́n. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì mi kì í ká dáadáa títí di òní, awọ itan tó wà lápá mi sì ń dán yàtọ̀ sí ti ara mi tó kù. Mo ti fi ìgbà kan tijú rẹ̀. Ara ò ṣe é bínú sí, ó ń gbìyànjú fún wa nígbà tí a ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú mi. Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ wọ́n, apá òsì yìí ni mo fi gbé orí ìyálé mi dúró, tí Kúbúrá fi ń da omi sí i. Orí náà wúwo. Apá mi ò gbọ̀n.