Àmì Abẹ́ Awọ Ìbọn Belew

Kò sí ohun tí Yirdaw ní tí Belew aládùúgbò rẹ̀ kò ní, ti Belew a sì máa fi díẹ̀ dára ju tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ìbá ṣeé fara mọ́. Ìbọn ni kò jẹ́ kó gbádùn. Bí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó bá ti wà ní apá ọ̀dọ̀ wọn ní Lasta, Belew á gbé wujigra, ìbọn ológun àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, lé èjìká, á máa fò sókè, á máa ké pé:

"Ọmọ Ayalneh ni mí! Ọmọ ẹni tó gba ìbọn lọ́wọ́ ará Ítálì ní Maychew!"

Àwọn ọkùnrin á hó yèè. Yirdaw á dúró lẹ́yìn tòun ti ọ̀pá lásán, ìlara á máa jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹ igi. Mersha, bàbá tirẹ̀ náà, lọ sógun tí wọ́n bá Ítálì jà ní Maychew yẹn. Ọwọ́ òfo ló fi bọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí Belew gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ ni awọ tí wọ́n fi wé ìdí ìbọn náà já. Kò sì sí ẹni tó mọ awọ tútù í wé mọ́ igi bíi Yirdaw. Òun ni í bá gbogbo ìlú di igi ìtúlẹ̀ wọn.

"Yirdaw, bá mi wé e kó le dáadáa o," ni Belew wí. "Má jẹ̀ẹ́ kó dójú tì mí níwájú àna."

"Ìbọn tó ṣẹ́gun Ítálì ló wá ń bẹ̀rù àna?"

"Ẹnu ẹ yìí! Ìwọ ṣáà bá mi wé e."

Inú Yirdaw ti ń dùn. Ológun àtijọ́ kan ti sọ fún un rí pé ìbọn Faransé ni wujigra, pé àwọn ọba ilẹ̀ wọn ló rà á, ará Ítálì kì í gbé e. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Níwájú àwọn àna gan-an ni òun yóò ti tú u fó!

Ó yẹ ìbọn náà wò. Wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ti fá igi rẹ̀. Ó tú awọ. Àgbélébùú kan wà lábẹ́ rẹ̀, irin gbígbóná ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, apá kan kúrú ju èkejì lọ. Irú rẹ̀ wà lára òpó ilé Yirdaw, ó wà lára igi ìtúlẹ̀ rẹ̀. Àmì bàbá rẹ̀ ni.

Ó gbé ìbọn náà, ó sáré lọ bá Emahoy Zinash, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Emahoy, olè ni Ayalneh! Ìbọn bàbá mi ló jí!"

Ìyá arúgbó náà fi ìka kan àmì náà. "Ta lo ti sọ fún?"

"Kò tíì sẹ́ni kankan."

"Ṣeun. Jókòó. Bàbá ẹ ju ìbọn yìí sílẹ̀ ní Maychew, ó sì sá. Ayalneh ló ṣà á, òun ló fi jà dópin. Nígbà tó gbé e wálé fún bàbá ẹ, bàbá ẹ ò lè wò ó lójú. Ó ní kó máa gbé e lọ."

"Ṣùgbọ́n ó parọ́ pé..."

"Gbogbo ayé ló mọ ìbọn Mersha! Ayalneh gé ẹnu ẹ̀, ó fi awọ bo àmì ẹ̀, ó ní ará Ítálì lòun gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bi bàbá ẹ léèrè bí ìbọn ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Tìtorí ilé yín ló ṣe parọ́, ìwọ ọmọ yìí."

Yirdaw gbé ìbọn náà dìde. Ó lọ sílé, ó fi awọ tútù wé ìbọn náà, ó fà á le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Belew fò sókè níwájú àwọn àna. "Ọmọ Ayalneh ni mí!"

"Ọmọ Ayalneh gan-an ni ẹ́!" ni Yirdaw kígbe, ohùn rẹ̀ ló ga jù níbẹ̀. Belew bojú wẹ̀yìn, ẹnu yà á.

Ẹ má rò pé ìlara náà ti lọ o. Ọjọ́ yẹn ló tún le sí i. Ìbọn ni Yirdaw ń jowú láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ti wá mọ̀ pé ìbọn bàbá òun ni. Irú bàbá tí Belew ní ni Yirdaw ń jowú báyìí.