Ọmọ Mi Kì í Ṣe Aríran

Omi ni Fúnmi ń bù sínú ife lọ́jọ́ tí ara kọ́kọ́ fu mí. Ife kún, omi ń ṣàn lórí tábìlì, ó ń dà sí i lẹ́sẹ̀, ọmọ kò gbé jọ́ọ̀gì kúrò. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì bíi pé ó ń jẹ nǹkan. Mo pariwo orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Kí n tó débẹ̀, iyè rẹ̀ ti padà dé. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Màmá, ta ló da omi sílẹ̀?” Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Aránṣọ ni mí ní Okokomaiko nígbà náà, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Navy Town. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọmọ mi. Á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á sì tún máa bá a lọ bíi pé ẹnikẹ́ni kò gé e. Kì í pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Kì í ṣubú, ara kì í gbóná, kò sí ibi tó ń ro ó. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún oníkálukú láti fún un ní orúkọ tó wù wọ́n.

Tíṣà rẹ̀ ní Ìbà pè é ní aláìgbọràn. “Ìyá Fúnmi, ọmọ yín ń fojú di mí. Kì í concentrate rárá. Tí mo bá pè é, á kàn máa wò mí bíi pé mi ò sí níbẹ̀.” Ó na ọmọ náà ní ẹgba lọ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi wú, ìyẹn sì wá sílé kò lè di ṣíbí mú. Ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn rẹ ni ò ń nà pé kò dá ọ lóhùn! Mo lọ bá a, mo sọ tẹnu mi, gbogbo èsì tí mo gbà ni pé ìkẹ́kùúkẹ̀ẹ́ ló bà á jẹ́.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló wá burú jù. Aláṣọ funfun ni wá, ọwọ́ mi ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń rán sùtánà. Ní ìjọ wa, ẹni tí ẹ̀mí bá gbé, ẹnìkan á dúró tì í pẹ̀lú bébà àti bírò láti kọ iṣẹ́ tó bá jẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwọn èèyàn ń kọrin, Fúnmi ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ẹnìkan ké pé, “Ẹ̀mí ti gbé e!” Nígbà tí ọmọ mi fi máa padà dé, bàbá arúgbó kan ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. “Kí lẹ rí, ìyá?” Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń pè ní ìyá, tó ń fi ẹ̀yin bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ. Ó wo gbogbo wọn yíká, ó ní, “Mo rí omi.”

Ààwẹ̀ la gbà lọ́jọ́ náà, tọmọdé tàgbà. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ọmọ mi! Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyàwó ilé kan tó ń wá ọmọ máa lọ wẹ̀ nínú ọ̀sà Ojo ní kùtùkùtù. Mo rí obìnrin yẹn tó ń bọ̀ láti etí omi nínú ọyẹ́, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mi ò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n dòní.

Láti ìgbà náà ni Fúnmi ti di aríran. Wọ́n ń mú un lọ sí ìṣọ́ òru, wọ́n ń fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀ rẹ̀, bó sì ṣe ń gbààwẹ̀ ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Inú wọn ń dùn pé ẹ̀bùn ń dàgbà. Bàbá Fúnmi náà ń gbé àyà, nítorí ẹni tí wọ́n ń pè ní káfíńtà tẹ́lẹ̀ ti di Bàbá Aríran. Níkẹyìn Wòlíì wa ní kó fi ilé ìwé sílẹ̀, kó wá máa gbé inú ilé àdúrà títí láé. Wọ́n gbé aṣọ wá fún mi pé kí n rán àmùrè tí wọn yóò fi yà á sọ́tọ̀. Mo ká aṣọ náà sábẹ́ máṣíìnì, mi ò rán an. Ọmọ tí kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Àárín wàhálà yìí ni àwọn dókítà kan dé ilé ìwé wọn. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe nípa bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń dàgbà: àwọn tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, àwọn tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, àwọn tí ìwà wọn yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní kí àwọn tíṣà yọ irú wọn síta. Tíṣà Fúnmi kéde fún kíláàsì pé àwọn òpè ni wọ́n ń fẹ́, ó sì tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi furúùtù kí gbogbo ilé ìwé lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà obìnrin kan ní kí Fúnmi ka oókan, eéjì. Ó kà á díẹ̀, ó dákẹ́, ojú rẹ̀ là, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ọ̀gá dókítà yẹn ní kó jẹ́ kí ọmọ tó kàn wá, pé ìwádìí làwọn wá ṣe, àwọn kò wá tọ́jú ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ irú ìwádìí tí yóò rí aláìsàn tí yóò sì kọjá lọ. Ọlọ́run ṣe é, obìnrin náà kò gbọ́ tirẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n gbé Fúnmi wá sí ọsibítù àwọn.

A wọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà, a dé ọsibítù, àwọn dókítà ti daṣẹ́ sílẹ̀. A padà lọ nígbà tí wọ́n wọlé, a jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ti gbàgbé wa. “Madam, ẹ jókòó, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ bímọ.” Mo jókòó.

Nígbà tó kàn wá, dókítà obìnrin náà mú bébà pẹlẹbẹ kan sókè, ó ní kí Fúnmi máa fẹ́ atẹ́gùn sí i láìdúró, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Fúnmi ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, lójijì atẹ́gùn dúró. Ojú là, ìpéǹpéjú ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì ni dókítà fi bébà lásán pè jáde níṣojú mi.

“Wárápá ni, Màmá.”

“Wárápá kẹ̀! Ọmọ mi kì í ṣubú, kì í yọ ìfófòó lẹ́nu.”

Ó ṣàlàyé pé wárápá kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí a mọ̀ máa ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó ń bá ọmọdé jà, tó jẹ́ pé ọpọlọ á kàn ṣíwọ́ fún ìgbà díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kì í gbọ́ràn, kì í ríran, kì í sì í rántí. Wọ́n lẹ okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lórí, ẹ̀rọ sì ya iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ sórí bébà gígùn, kò sì dùn ún. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ọmọ ń sùn dáadáa, nítorí àìsùn máa ń ru àìsàn yìí sókè. Mo rántí gbogbo ìṣọ́ òru yẹn, mo bú sẹ́kún. Ẹkún ìbínú ni.

Nígbà tí Wòlíì gbọ́ pé dókítà ti fún wa ní oògùn, ó sọ fún ọkọ mi pé oògùn òyìnbó yóò fọ́ ojú ẹ̀mí ọmọ náà. Mo ní, “Bàbá Fúnmi, ẹ bi í fúnra yín.” Ó pè é, ó gbé e sórí ẹsẹ̀. “Fúnmi, kí lo máa ń rí?”

“Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá. Wọ́n ṣáà máa ń kúnlẹ̀ ni, mo wá gbọ́dọ̀ sọ nǹkan.”

Ọkọ mi rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló dá aṣọ àmùrè náà padà fún wọn.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé oògùn náà rọrùn. Ó ń rìn ín lọ́kàn, irun rẹ̀ ń já, nígbà mìíràn a ó wá oògùn náà káàkiri títí dé ìgboro Èkó kí a tó rí i. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ń dín kù, ó dín kù títí a fi ń wá a tì. Nígbà tó di ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, dókítà rọra gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, àìsàn náà kò sì padà wá mọ́.

Nígbà náà ni ìjọ ránṣẹ́ pé kí a wá dúpẹ́ fún àdúrà Wòlíì tó gbà. Mo lọ. Mo dúró níwájú, mo ní, “Ọmọ mi kò ríran rí. Àìsàn ló ṣe é.” Wọ́n lu agogo mọ́ mi lẹ́nu, wọ́n gbé orin.

Ara ọmọ mi ń bẹ wá fún ìrànlọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣàìsàn, oníkálukú sì ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ọpọlọ, tó sì jẹ́ kó gba oògùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà obìnrin tí kò kọjá lọ. Ẹni tó na ọmọ mi àti ẹni tó fẹ́ gbà á lọ kò ní ọpẹ́ kankan lọ́wọ́ mi. Ìwọ tí ò ń ka èyí, tí ọmọ rẹ bá ń dákẹ́ lójijì tí ojú rẹ̀ ń là, má bi í ní ohun tó rí. Gbé e lọ sí ọsibítù.